Ìpara Base 2b pẹ̀lú amoxicillin fún egbò iyùn: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Nínú gbogbo oògùn tí wọ́n ti gbé wọ inú òkun Florida láti fi gbógun ti àrùn iyùn tí wọ́n ń pè ní SCTLD (stony coral tissue loss disease, àrùn tó ń mú ẹran ara iyùn bọ́), ìpara Base 2b tí a po amoxicillin mọ́ ni a lè fọwọ́ sọ̀yà fún pé ó ń mú egbò dúró. Ó dára, ó sì tọ́ sí owó tí wọ́n ń ná lé e lórí. Ṣùgbọ́n egbò ló ń wò, kì í wo iyùn fúnra rẹ̀. Egbò tí ẹ fi í dí lónìí yóò dákẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egbò mìíràn lè là ní ẹ̀gbẹ́ kejì orí iyùn kan náà, bí ẹni pé ẹ kò débẹ̀ rí. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ojú omi, òmùwẹ̀ tó mọṣẹ́, àti àyè láti máa padà síbẹ̀ ní oṣù méjì-méjì, kó má wulẹ̀ rà á.

Iyùn tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ọba ń fi sọ́rùn. Ìyẹn, egungun iyùn pupa tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà láyé àtijọ́ ni. Eléyìí ni iyùn olókùúta tó ń kọ́ òkìtì sábẹ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko kéékèèké tó so mọ́ra wọn, tí ẹran ara wọn tẹ́ pẹrẹsẹ sórí egungun funfun tí àwọn fúnra wọn mọ. Inú ẹran ara yẹn ni ewédò tíntìntín ń gbé, òun ló ń fún wọn ní oúnjẹ àti àwọ̀. Bí ẹran ara bá bọ́, egungun nìkan ló kù. Etíkun tiwa láti Èkó dé Kútọnu kò ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí i rí. Àwọn ará wa tó ń gbé Miami ló súnmọ́ ọn jù.

Létí Virginia Key, ní Miami gan-an, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà ní 2014. Láti ibẹ̀ ló ti gba òkìtì iyùn Florida lọ sí àríwá àti sí gúúsù, títí ó fi dé àwọn erékùṣù Dry Tortugas ní 2021. Ó dé Mexico ní 2018, ó dé àwọn erékùṣù Virgin Islands ti Amẹ́ríkà ní 2019, ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ibi ní Karibéánì. Irú iyùn tó ń mú lé ní 20. Iyùn òpó, Dendrogyra cylindrus, ni ó ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú òkun Florida. Meandrina meandrites náà kì í pẹ́ kú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó. Àwọn iyùn tó wé bí ọpọlọ, Colpophyllia natans àti Diploria labyrinthiformis, kì í fara dà á. Orbicella faveolata àti Montastraea cavernosa ní tiwọn máa ń fi oṣù púpọ̀ kú, ìdí nìyẹn tí ìpara fi rí wọn bá. Acropora, tí ẹ̀ka rẹ̀ yọ bí ìwo àgbọ̀nrín, kì í sábàá kó o.

Kí a tó sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ bakitéríà, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ìpara yìí dúró lé. Àwọn àrùn iyùn kan wà tí a mọ bakitéríà tó fà wọ́n ní pàtó. Àpẹẹrẹ kan ni àrùn àbàwọ́n funfun ti Acropora palmata. Ní 2002, àwọn onímọ̀ sọ pé Serratia marcescens, bakitéríà tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ènìyàn, ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2011 wọ́n mú u láti inú omi ìdọ̀tí ilé, wọ́n fi kan iyùn tó yè, iyùn náà sì ṣàìsàn. Àrùn bẹ́líìtì dúdú yàtọ̀: ẹgbẹ́ bakitéríà ló ń ṣe é pa pọ̀, àwọn kan ń mú kí afẹ́fẹ́ tán lábẹ́ bẹ́líìtì yẹn, àwọn kan ń tú sọ́fáídì tó ń pa ẹran ara, ewédò bakitéríà tó dúdú sì ń so gbogbo wọn pọ̀ bí ẹní.

SCTLD kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bakitéríà kan tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí pé òun ni. Ohun tó lágbára jù lọ́wọ́ wa ni ìdánwò inú agbada omi tí Greta Aeby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019: wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí omi iyùn tó ń ṣàìsàn, egbò sì dẹ́kun. Apakòkòrò kì í ran fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà bakitéríà lọ́wọ́ sí i dájúdájú, ìbáà jẹ́ pé òun ló ṣílẹ̀kùn tàbí pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló gbà wọlé. Àwọn kan ń fura sí fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ewédò inú iyùn jà. Àwọn mìíràn, Blake Ushijima lára wọn, rí Vibrio coralliilyticus lára àwọn kan nínú iyùn tó ṣàìsàn. Bakitéríà yìí ń tú ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní VcpA sílẹ̀, tó ń jẹ ẹran ara iyùn. Níbi tí wọ́n ti bá VcpA, àrùn náà máa ń le ju ti ibi tí wọn kò ti bá a lọ. Wọ́n ti ṣe bébà ìdánwò fún un, tó ń fa ìlà bíi ti bébà àyẹ̀wò oyún. Ẹ̀rọ kékeré tó wúlò ni, ṣùgbọ́n VcpA nìkan ló ń sọ fún yín. Bí ìlà kò bá yọ, kò túmọ̀ sí pé iyùn yín kò ní SCTLD.

Ohun tí èyí já sí fún ẹni tó fẹ́ lo ìpara ni pé amoxicillin kò mọ ọ̀tá kan pàtó. Ńṣe ló ń ba ògiri ara bakitéríà jẹ́ nígbà tó bá ń dàgbà, ó sì ń ṣe é fún púpọ̀ nínú wọn, rere àti búburú. Ibi tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun yòówù tó bá ti wà nínú ara iyùn ní ibòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Base 2b fúnra rẹ̀ ni apá tó yẹ kí a yìn. Ilé iṣẹ́ Ocean Alchemists ló ṣe é. Ìpara tó ní sílíkónì nínú ni, ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ egungun iyùn nínú omi, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni pé kó máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti da amoxicillin sínú omi òkun rí yóò mọ ìdí. Ìgbì á gbé e lọ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Èyí tí ìgbì kò gbé, omi fúnra rẹ̀ á tú u, nítorí oògùn yìí kì í pẹ́ nínú omi kí agbára rẹ̀ tó lọ. Láìsí ìpara tó ń dì í mú, owó ló ń dà nù, ẹ tún ń kọ́ bakitéríà òkun bí wọ́n ṣe ń bá oògùn gbé.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìdá kan amoxicillin sí ìdá mẹ́jọ Base 2b, lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ní ṣíbí tàbí ní ife. Bí ẹ bá wọn 400 gíráàmù ìpara, 50 gíráàmù amoxicillin lẹ óò pò mọ́ ọn. Amoxicillin trihydrate tó jẹ́ ìyẹ̀fun gidi ni kí ẹ lò. Kápúsù tí a ń rà ní kẹ́mísìtì, tí a ń já sí méjì, kò dára fún iṣẹ́ yìí: ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oògùn, nítorí náà ìwọ̀n yín á ti yẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì mọ ohun tí ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ iyùn lára.

Ìyẹ̀fun yìí fúyẹ́, ó ń fẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba pẹnisílínì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pò ó rárá. Àwọn tó kù, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n bo imú àti ẹnu, kí wọ́n sì kúrò ní ojú afẹ́fẹ́. Ìpara ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n sínú abọ́, kí ẹ wá máa bu ìyẹ̀fun lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi orógùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí ẹni tó ń ro ẹ̀bà tí kò fẹ́ kó ní kókó. Ìgbà tí ẹ kò bá tún rí kókó gbígbẹ kankan mọ́, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lórí ilẹ̀ nìyí. Bí kókó bá wà níbẹ̀, apá kan síríńjì yóò ní oògùn àjùlọ, apá kan kò ní ní nǹkan kan, ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ omi kò sì ní mọ èwo lẹ̀ ń lò lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó. Síríńjì onímìlílítà 60, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì fẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń ti oúnjẹ sínú rọ́bà aláìsàn, ló yẹ ẹ́. Ti abẹ́rẹ́ kò wúlò, ìpara kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ẹ gba ẹ̀yìn ki ìpara sí i, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè. Ẹ ti ọ̀pá padà, ẹ da ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ tì í títí afẹ́fẹ́ fi tán tí ìpara sì yọjú. Ẹ má kóyán afẹ́fẹ́ yẹn kéré. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú síríńjì á sún kì sí ìdajì, ọ̀pá á wọlé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí egbò, ìpara á dúró, á tún tú jáde lójijì, ìlà tí ẹ̀ ń fà á sì já. Lẹ́yìn náà, ẹ dé ẹnu rẹ̀, ẹ fi sínú kúlà, kúrò lójú oòrùn.

Lábẹ́ omi, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dá àrùn mọ̀. Egbò SCTLD máa ń funfun báláú, kò sí ewédò lórí rẹ̀, ẹran ara tó yè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, tí etí rẹ̀ ń fọ́ tó ń bọ́. Bí ẹ bá lọ síwájú lórí egungun kan náà, ẹ óò rí i tí funfun ń di aláwọ̀ ewé díẹ̀, lẹ́yìn náà kó di búráwùn: bí àrùn ṣe ń rìn nìyẹn, ibi tó funfun jù ni ibi tó dé lánàá òde yìí. Iyùn tí ooru mú kó funfun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn mọ́ gaara bíi gíláàsì ni, ẹ sì lè rí ẹnu ẹranko wẹ́wẹ́ náà tí ẹ bá fojú sún mọ́ ọn. Ẹja ayékòótọ́ máa ń fi ẹnu gé iyùn, ojú ibẹ̀ á sì rí bí ìgbà tí èèyàn fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì gbẹ́ igi. Ìgbín òkun Coralliophila náà ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ẹ óò bá ìgbín náà níbẹ̀. Àìmọye ìpara ló ti ṣòfò lórí ojú eyín ẹja.

Bí ẹ bá ti dá a lójú, ẹ fi ìka gbá eruku òkun àti ewédò kúrò ní etí egbò. Ẹ wá fa ìlà ìpara tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ìdajì rẹ̀ wà lórí egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ìdajì sì gun orí ẹran ara tó yè. Egungun ló ń dì í mú, nítorí ó ní ihò wẹ́wẹ́. Ẹran ara ń yọ̀, kò sí ohun tó lè lẹ̀ mọ́ ọn lójú ara rẹ̀. Fífà nìkan kò tó. Ẹ fi àtàǹpàkò tó wà nínú ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé, títí tó fi wọ inú àwọn ihò yẹn. Lórí Montastraea cavernosa, tó rí kókó-kókó bí ojú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ìpara wọ àárín kókó kan sí èkejì. Bí ẹ bá fò ó, tí àlàfo tó ìbú ìka kan sì ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni àrùn á gbà kọjá. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ óò rí ìlà ìpara yín tó dúró gbọn-in, tí àrùn sì ti gba ojú àlàfo kan ṣoṣo yẹn jáde, tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀ sórí ẹran ara tó ti yè tẹ́lẹ̀. Ojú tó rí i kò lè gbàgbé.

Ẹ má sì jẹ́ kó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé ẹ fẹ́ kó dájú. Ìgbì á rí ibi dì í mú, á sì ká a kúrò bí ẹni ń ká ẹní. Ẹran ara tó bá wà lábẹ́ ìpara náà lè kú díẹ̀; èyí kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹ óò fi bo èyí tó pọ̀.

Ẹ fi ìṣó kàn nọ́ńbà mọ́ egungun tó ti kú tipẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn náà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú rúlà nínú àwòrán, ẹ kọ iye egbò àti iye síríńjì sí wàláà. Iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ìpara á ti bọ́ tàbí kó máa bọ́ lọ. Bí àrùn bá dúró sí ojú ìlà, tí etí ẹran ara sì ti dì, tó yípo dáadáa, egbò yẹn ti wò. Bí egungun funfun bá ti kọjá ìlà, kò wò, ẹ tún un ṣe níwájú ibi tó dé. Bí egbò tuntun bá yọ níbòmíràn, ẹ kà á sí tuntun. Ẹ má fi ṣírò pé ti àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò tan ara yín jẹ lórí bí oògùn ṣe ń ṣe sí.

Èsì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde bá ohun tí òmùwẹ̀ ń rí mu. Nínú ìdánwò tí Erin Shilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2021 lórí Montastraea cavernosa ní gúúsù ìlà-oòrùn Florida, ìpara yìí mú egbò 95 jiná nínú 100. Ìdánwò kan náà sọ pé kò dí egbò tuntun lọ́wọ́ láti yọ. Karen Neely àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Nova Southeastern University ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lò ó lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún iyùn ní Florida Keys, wọ́n ń padà lọ lemọ́lemọ́, ìpadàlọ yẹn ló sì mú kí èsì wọn dára. Lórí ọ̀rọ̀ iyùn òpó, ìpara nìkan kò gbà á là. Àrùn náà yára jù fún un, wọ́n sì ní láti kó àwọn tó ṣẹ́kù wá sí orí ilẹ̀. Ní 2019, wọ́n bí àwọn ọmọ iyùn òpó nínú agbada ní Florida Aquarium, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú wọn.

Ohun tí ìpara yìí gba ipò rẹ̀ ni epoxy tí wọ́n ń po kílórínì gbígbẹ mọ́. Epoxy ni gọ́ọ̀mù alápá méjì tó ń le bí òkúta. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgékùúta abẹ́ omi gbẹ́ kòtò tóóró síwájú egbò, kí wọ́n sì dí i. Ó rọrùn láti rí rà, kò sì ní oògùn apakòkòrò bí amoxicillin nínú, ohun rere tí a lè sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Nínú ìdánwò Shilling, kò sàn ju kí a fi iyùn sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹ má fi owó yín rà á fún SCTLD.

Èyí tí ọkàn wa fà sí ni McH1-7. Bakitéríà ni òun fúnra rẹ̀, Pseudoalteromonas, tí Valerie Paul, Ushijima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Smithsonian Marine Station ní Fort Pierce rí lára Montastraea cavernosa kan tí àrùn kò rí gbé ṣe. Ó ń ṣe oògùn apakòkòrò tirẹ̀ tó ń lé àwọn bakitéríà mìíràn. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2023. Nínú agbada, ó dá àrùn dúró tàbí kó fà á sẹ́yìn lára ọ̀pọ̀ iyùn, kò sì jẹ́ kó ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú òkun, wọ́n fi ọ̀rá bo odindi orí iyùn, wọ́n so òjé mọ́ etí rẹ̀, wọ́n sì tú bakitéríà náà sínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ṣe dáadáa ju kí wọ́n fi í ṣe ìpara lórí egbò lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: eléyìí kan gbogbo ara iyùn, ohun tí Base 2b kò lè ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì sí lọ́jà, ọwọ́ àwọn onímọ̀ ló wà, nítorí náà kò lè rọ́pò ohun tó wà nínú kúlà yín lónìí.

Ẹ̀rù apakòkòrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Amoxicillin ni oògùn tí àwọn ọmọ wa ń lò fún etí àti ọ̀nà ọ̀fun, bí bakitéríà bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé gbogbo wa ni yóò dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a da oògùn sínú agbada ńlá, ìpara yìí ń lo èyí tó kéré, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ síbi kan. Ìyẹn dára, kò tó láti máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ má lò ó lórí iyùn tí ẹ̀ ń fura sí lásán. Ẹ má lò ó ṣáájú kí egbò tó yọ. Iyùn tó jẹ́ pé ẹran ara tó kù lára rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ẹ fi sílẹ̀. Orí iyùn ńlá tó ní egbò méjì tàbí mẹ́ta, tí gbogbo ara rẹ̀ tó kù sì yè, ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú irú àwọn wọ̀nyẹn lè ti dàgbà ju ìlú Miami fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ẹja sì fi ṣe ilé. Ìpinnu yìí ṣòro lójú òmùwẹ̀ tó bá rí èyí tó ń kú níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n síríńjì kì í pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yín náà.

Ìwé àṣẹ nìkan ló ń jẹ́ kí èèyàn ṣe iṣẹ́ yìí ní Florida, dókítà ẹranko sì gbọ́dọ̀ wà nídìí oògùn rẹ̀. Òmùwẹ̀ tó ń ṣeré ìsinmi, tó rí egbò, kó ya àwòrán, kó fi ibi tó ti rí i ránṣẹ́ sí SEAFAN, àwọn tó ń gba ìròyìn nípa òkìtì iyùn ní gúúsù ìlà-oòrùn Florida. Ìyẹn tó, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní gidi.

Bí ọ̀pọ̀ ibi bá wà láti dé lọ́jọ́ kan, ibi tí iyùn ti yè ni kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, kí ibi tí àrùn wà jẹ́ ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ rẹ ìbọ̀wọ́, wàláà àti ohun èlò tí búlíìsì kò ní bà jẹ́ sínú omi tí ẹ fi búlíìsì sí, bíi mìlílítà 10 sí lítà omi kan, fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n. Omi búlíìsì yẹn kò gbọ́dọ̀ padà sínú òkun. Ìpara tó bá ṣẹ́kù nínú síríńjì náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sómi nítorí pé ẹ fẹ́ fọ síríńjì. Ẹ dé e, ẹ kó o padà sórí ilẹ̀, kí wọ́n bá a sọnù pẹ̀lú ìdọ̀tí oògùn.